Ọmọ ogúnléndé tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ ládùúgbò wa: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáaTísà_Kábà
Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ọkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi í dá rò.

Ìdílé kan ń gbé lẹ́yìn ilé wa níbí ní Kábà: ìyá kan, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 17, àti àwọn àbúrò ọmọ náà ọkùnrin méjì. Kamẹrúùnù ni wọ́n ti wá, apá Bamenda. Nígbà tí ìjà lọ́hùn-ún di ogun ni wọ́n sá wọ Cross River, wọ́n gbé ibùdó Adagom ní Ogoja fún ọdún díẹ̀ kí ẹnì kan tó mú wọn wá síbí pé iṣẹ́ oko iṣu wà. Bàbá wọn ò bá wọn débí. Mi ò bèèrè ìdí rẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ọmọ náà. Àbúrò ni mo ń pè é nílé, Àbúrò náà la ó máa pè é níbí.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń ti oko bọ̀ lórí ọ̀kadà, àwọn mẹ́ta pẹ̀lú àpò iṣu. Ọ̀kadà yọ̀ ní kọ́nà, ó fẹ̀yìn balẹ̀ lórí òkúta. Àwọn tó rí wọn ṣàánú, wọ́n gbé e jókòó sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà mìíràn, ó dilé ìwòsàn. Láti ìdodo lọ sílẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì ò gbéra. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé ìwòsàn kan, owó tán, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé pẹ̀lú rọ́bà ìtọ̀ lára rẹ̀ àti ìwé oògùn méjì. Kò sẹ́ni tó jókòó ti ìyá yẹn láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tó wà nípò báyìí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n délé, gbogbo ayé ló wá. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọ́n gbé epo wá, wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ku èmi àti ìyá rẹ̀. Lánàá tí a yí i láti wẹ̀ ẹ́, mo rí egbò kan níbàdí, ó tó orí àtàǹpàkò mi. Ọmọ náà ò jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ògiri ló ń kọjú sí.

Kí ni ká ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé Olúwa á ṣe é. Ẹ sọ ohun tí èmi náà máa ṣe fún mi.


Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
Ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́

Ìyáa Tísà, ẹ kú àánú. Ẹ̀gbẹ̀ ni mo wà, ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ ná, ká mú egbò yẹn. Bí àwọn tó wà nípò yìí bá ti kúrò nílé ìwòsàn, egbò àti àrùn ìtọ̀ ló ń pa wọ́n ju ọ̀pá ẹ̀yìn tó fọ́ lọ.

Ara tí kò mọ ìrora kì í pariwo. Èmi àti ẹ̀yin, bí a bá jókòó pẹ́ jù, ìdí á ro wá, a ó sún un láìmọ̀. Tirẹ̀ ò ní ro ó. Ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ibẹ̀, ẹran á kú láti inú wá síta. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi rí i lójú awọ, ó ti jìn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa yí i ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru. Ẹ̀yìn ti kúrò nínú ètò títí egbò yẹn á fi jinná: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, kó sì máa dojú bolẹ̀ díẹ̀ bó bá lè mí dáadáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún méjèèjì, ẹ fi òmíràn sábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ má kan ibùsùn rárá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sún un sókè, ẹ̀yin méjì ni kẹ́ ẹ gbé e. Ẹ má wọ́ ọ lórí aṣọ, wíwọ́ ló ń bó awọ.

Ẹ wo gbogbo ibi tí eegun ti yọ, láàárọ̀ àti lálẹ́: ìbàdí, ìdí, ẹ̀gbẹ́ itan, gìgísẹ̀, kókósẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa sọ pé kí á máa wá ibi tó bá pọ́n. Awọ tiwa kì í pọ́n báyẹn. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ lò: ibi tó bá gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, tó le, tàbí tó dúdú kọjá bó ṣe yẹ tó ń dán, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ kàn má jẹ́ kó tún fara lé e.

Ẹ má fi í jókòó lórí táyà inú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló ń lò ó, mo ti rí i ní wọ́ọ̀dù pàápàá. Etí táyà yẹn ló ń há ẹ̀jẹ̀ mọ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbà là.

Egbò náà: omi tẹ́ ẹ sè, tẹ́ ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí, tó ti tutù. Ẹ má fi Izal, ẹ má fi Dettol, ẹ má tú ìyẹ̀fun inú kápúsù dà sí i. Bó bá ń rùn, tàbí ara rẹ̀ gbóná, tàbí ó jìn débi pé ẹ rí ohun funfun nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni o, lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè kan: ìgbà wo ni wọ́n ti fi rọ́bà ìtọ̀ yẹn sí i?


ÌyáaTísà_Kábà
10:03 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ bi ìyá rẹ̀. Ó ní láti ilé ìwòsàn ni. Ó lé ní oṣù méjì.


Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
10:05 alẹ́

Hàà. Irú rọ́bà tó wọ́pọ̀ níbí, kò yẹ kó kọjá oṣù kan. Lọ́la láàárọ̀, kí wọ́n lọ pààrọ̀ rẹ̀. Kí àpò ìtọ̀ máa wà nísàlẹ̀ ju ikùn rẹ̀ lọ nígbà gbogbo, bí wọ́n bá ń gbé e gan-an, kó má sì kanlẹ̀. Kó máa mu omi dáadáa. Mo mọ̀ pé kì í fẹ́ mu ún, torí ojú ń tì í pé àpò á kún níṣojú àlejò. Ẹ rán àpò aṣọ kékeré kan bò ó.

Bí ìtọ̀ bá ń rùn gidi, tó dà bí omi ògì, tí òtútù ń mú un tó ń gbọ̀n, ẹ má dúró.


Ọmọ_Okun_Gidi
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:31 àárọ̀

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bínú o. Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́? Ní Yàgbà lọ́hùn-ún, àwọn tí ajínigbé lé kúrò lóko wọn wà ńlẹ̀, mi ò rí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ tó gùn báyìí nípa wọn. Ìjọba Kamẹrúùnù wà. Àjọ Àgbáyé wà. Báwo ló ṣe kan àwa?


Baba_Ìtàn
7:15 àárọ̀

Ìbéèrè lo bi, mi ò ní bú ọ. Ṣùgbọ́n nígbà ogun Núpé, ta ni kò sá nínú wa? Yàgbà, Bùnú, Ìjùmú, Owé, gbogbo wa ló sá. Orí àpáta ni àwọn baba ńlá wa ń gbé, tí àwọn Núpé ará Bídà ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń kó ọmọ wọn lọ. Ìgbà tí Royal Niger Company, iléeṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídà ní 1897 ni ọ̀pọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fetí sí oríkì ilé rẹ̀ dáadáa á gbọ́ ibi tí wọ́n ti sá wá nínú rẹ̀. Ilé tí wọ́n bí ìyá mi sí, àlejò ni wọ́n níbẹ̀. Ẹnì kan ló fún wọn nílẹ̀.

Ti àwọn tó sá kúrò lóko ní Yàgbà, òótọ́ lo sọ. Dá ọ̀rọ̀ tiwọn sílẹ̀ lójú ewé tirẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ fèsì.


Ọmọ_Okun_Gidi
7:40 àárọ̀

Mo gbọ́, Bàbá. Mi ò tíì gbà tán. Ìyáa Tísà, mo ní ìrọ̀rí fóòmù méjì nílé tí ẹnikẹ́ni ò lò. Níbo ni kí n gbé e sí?


Kọ́pà_Ogoja
8:22 àárọ̀

Mo ṣe àgùnbánirọ̀ ní Ogoja, mo mọ Adagom. Nǹkan méjì.

Àkọ́kọ́ ni ìwé. Ẹ bá mi bi ìyá náà bóyá ìwé tàbí káàdì tí UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogúnléndé, fún wọn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fáìlì wọn ṣì lè wà ní Ogoja lọ́hùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ níbẹ̀ pé ọmọ náà ṣèṣe. Kí wọ́n pè, kí wọ́n sọ pé wọ́n ti kúrò, pé ọmọ kan ti di aláìlera, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì. Wọ́n ní àyè tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Nàìjíríà náà ní àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ogúnléndé, òfin 1989 ló dá a sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ìyá yẹn pé tó bá yọjú sí ọ́fíìsì ìjọba wọn á lé e padà, irọ́ ni. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn àgbáyé 1951 lórí ogúnléndé, kò gbọdọ̀ lé ogúnléndé padà sínú ewu. Ẹ̀dà ìwé ni kẹ́ ẹ máa fi lé èèyàn lọ́wọ́ o. Ojúlówó ò gbọdọ̀ kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Ìkejì lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ ní ọmọ náà ò jẹun. Kí lẹ ń fún un? Àwọn ará Bamenda, fùfú àgbàdo ni oúnjẹ wọn, bíi túwó àgbàdo, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n ń pè ní njama njama. Ọdún kan gbáko ni mo fi jẹ ẹ̀fọ́ yẹn kí n tó wò ó dáadáa lọ́jà. Odú ni! Odú tiwa yìí.


ÌyáaTísà_Kábà
8:30 àárọ̀

Odú kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Ìrẹsì la sì ń gbé fún ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí. Mo ń lọ sọ́jà.


Gbẹ́nàgbẹ́nà_Mọ̀pà
12:47 ọ̀sán

Ìyáa Tísà, báwo ni ẹnu ọ̀nà wọn ṣe rí? Ìgbésẹ̀ mélòó?


ÌyáaTísà_Kábà
1:10 ọ̀sán

Mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ínǹṣì mẹ́fà. Ṣáláńgá wà lẹ́yìnkùlé, ìyẹn tún ní ìgbésẹ̀ kan.


Gbẹ́nàgbẹ́nà_Mọ̀pà
1:36 ọ̀sán

Ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ nìyẹn. Ìṣirò ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ á máa gbà wọlé rọrùn: gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga, méjìlá ní gígùn. Tiyín á jẹ́ méjìdínlógún. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà kankan sọ pé mẹ́fà ti tó. Mo rí irú rẹ̀ níwájú ilé ìjọba kan, ewúrẹ́ gan-an á ronú kó tó gùn ún. Èyí tó bá ga báyẹn, ẹni tó ń tì í á ṣubú, Àbúrò náà á fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ojúlé ò bá gba méjìdínlógún lọ tààrà, ẹ ṣẹ́ ẹ ní kọ́nà, kí ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ wà ní kọ́nà náà, bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún níbùú àti lóròó, kí kẹ̀kẹ́ lè yí. Kí etí rẹ̀ méjèèjì ga díẹ̀ kí táyà má yọ̀ síta. Mo lè wá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Owó sìmẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ wá, ẹ fi tọwọ́ mi sílẹ̀.

Ti ṣáláńgá, ẹ gbàgbé rẹ̀ ná. Màá kan àga oníhò tó máa gba póò lábẹ́. Ṣé fóòmù ni kí n fi yí ojú ihò náà ká, àbí pákó lásán?


Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
1:41 ọ̀sán

Fóòmù, pẹ̀lú aṣọ oníke lórí rẹ̀ kó ṣeé fọ̀. Kó má jókòó síbẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kó jẹ́ àkókò kan náà lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ikùn á mọ̀ ọ́n lára. Odú náà á ràn án lọ́wọ́.


Díákónì_Ìyàrá
6:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ owó lẹ ń fẹsẹ̀ yí po. Àpéjọ ńlá ń bọ̀ ní ìjọ wa lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ náà wá síwájú, kí àwọn èèyàn fojú ara wọn rí i. Bí wọ́n bá rí i, àánú á ṣe wọ́n. A sì lè ya fídíò tí a máa gbé sórí Facebook.


Ìyá_Ìbejì_Lọ́kọ́jà
6:48 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo ní mi ò ní dá sí i. Díákónì ti mú mi sọ̀rọ̀.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. (Ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀ o, kò bí mi nínú, kẹ̀kẹ́ mi ni.) Ọkọ̀ ló ṣe tèmi. Nígbà tí mo jáde nílé ìwòsàn, wọ́n gbé èmi náà síwájú ìjọ. Wọ́n fi máíkì sí mi lẹ́nu. Mo wọ aṣọ tí kò bò mí tán torí kò sẹ́ni tó bi mí ohun tí mo fẹ́ wọ̀. Owó wọlé, òótọ́ ni. Ó tó ọdún méjì kí n tó lè gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kọjá.

Òfin tún wà. Òfin àwọn abirùn ti 2018, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi abirùn tọrọ owó, tàbí gbé e káàkiri níwájú èèyàn nítorí àtitọrọ. Owó ìtanràn ₦100,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Mo mọ̀ pé ire lẹ ní lọ́kàn, Díákónì. Ẹ dá owó náà láìfi ojú rẹ̀ hàn. Ẹ sọ pé sìmẹ́ǹtì báyìí, rọ́bà ìtọ̀ báyìí, kẹ̀kẹ́ báyìí. Èèyàn tó bá máa fúnni á fúnni.

Inú òfin kan náà, ìwé kíkà ọ̀fẹ́ ni fún abirùn títí dé ìparí girama. Bó bá wù ú láti padà sílé ẹ̀kọ́, ẹ tẹ ìyẹn mọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ létí.

Bí kẹ̀kẹ́ bá dé, nǹkan kan péré: lẹ́yìn gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, kó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè, tàbí kó tẹ̀ síwájú títí àyà á fi kan orúnkún, fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ọkọ̀, níbi ìnáwó. Mo ti tẹ̀ báyẹn níbi ìgbéyàwó kan rí, àwọn ìyá kan rò pé àdúrà ni mò ń gbà, wọ́n ń ṣe àmín.


Díákónì_Ìyàrá
7:30 alẹ́

Mi ò mọ ti òfin yẹn. Ẹ máa bínú. A ó dá owó náà láìsí àwòrán.


Ẹni_Ilé_Kan
7:52 alẹ́

Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ọmọbìnrin ọdún 17, ta ló máa fẹ́ ẹ báyìí? Ìyẹn ló yẹ kó máa ká wa lára.


Ìyá_Ìbejì_Lọ́kọ́jà
7:54 alẹ́

Ṣé ẹ ka orúkọ mi níbí? Lórí kẹ̀kẹ́ yìí ni mo lóyún wọn, lórí rẹ̀ náà ni mo fún wọn lọ́mú. Ilé ọmọ kì í sí nínú ẹsẹ̀.


Ọmọ_Ìjùmú
Ọjọ́rú, 10:20 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ àwọn tó ń to eegun? Bàbá kan wà lábúlé wa, ẹsẹ̀ mi kan ṣẹ́ sí méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi padà gba bọ́ọ̀lù. Ìyá ọmọ náà gan-an lè ti máa rò ó.


Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
11:02 àárọ̀

Mi ò bá àwọn tó ń to eegun jà. Ẹsẹ̀ rẹ tó jinná, mo gbà. Eegun ẹsẹ̀ ni ìyẹn. Ti ọ̀pá ẹ̀yìn, mùdùnmúdùn tó gba inú rẹ̀ kọjá ló ṣèṣe, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti orí lọ sẹ́sẹ̀. Fífà àti títẹ̀ ò lè so ó pọ̀, ó lè ba èyí tó kù jẹ́. Òrí gbígbóná tí wọ́n fi ń ra ni, lára tí kò mọ iná, mo ti rí èyí tó bó awọ itan ọmọkùnrin kan láti òkè dé orúnkún. Kò mọ̀. Ó ń bá wọn tàkúrọ̀sọ.

Ìyẹn rán mi létí. Kò ní pẹ́ tí ọyẹ́ á dé. Ẹ má gbé ìkòkò iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má gbé abọ́ ọbẹ̀ lé e nítan. Omi ìwẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ìyá ni kí wọ́n fi dán an wò.

Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ ń ka èyí: ẹni tó bá ṣubú tó ní òun ò mọ ẹsẹ̀ òun, ẹ má gbé e jókòó lórí ọ̀kadà. Ẹ wá pákó tàbí ilẹ̀kùn, ẹ tẹ́ ẹ gbọrọ, ẹnì kan kó di orí rẹ̀ mú kó má mì. Àwọn tó gbé Àbúrò ṣe ohun tí wọ́n mọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi.


ÌyáaTísà_Kábà
Ọjọ́ Ẹtì, 9:40 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn. Wọ́n ti pààrọ̀ rọ́bà. Egbò ò tíì jinná, ṣùgbọ́n kò jìn sí i.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, òun ló ń yí i lóru. Ó fi aláàmù sórí fóònù ìyá rẹ̀. Ìyá ń lọ sóko alágbàṣe láàárọ̀, torí ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe gbà á ṣe. Lójú oorun ló ń lọ sílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń nà án pé ó ń sùn ní kíláàsì. Kíláàsì tí èmi ń kọ́ kọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ wa ni.

Wákàtí méjì méjì, ìgbà méjìlá lójúmọ́. Mo jókòó mo rò ó, mo ní àáró la ó fi ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe oko lónìí tèmi lọ́la tìrẹ. Obìnrin mẹ́jọ ló ti gbà, mẹ́ta nínú wọn, mi ò mọ̀ wọ́n rí. Méjì ń sùn tì í lálaalẹ́. Ìyá rẹ̀ bi wá pé kí ni òun máa fi san án. Ìyá Àgbà kan ní kó máa kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń se fùfú àgbàdo tí kì í di kókó. Lánàá ni ìyá Àbúrò sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tó jí, ẹ̀rù bà á, ó sáré wọ yàrá ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó wúwo. Ẹsẹ̀ Àbúrò ti ń ta, ó ń fò fúnra rẹ̀, àgàgà láàárọ̀. Pásítọ̀ kan rí i, ó kígbe halelúyà, ó ní kí wọ́n má fún un lóògùn mọ́. Gbogbo ilé ń jó. Ṣé ìwòsàn ni, Nọ́ọ̀sì?


Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
10:15 alẹ́

Rárá, Ìyáa Tísà. Ó dùn mí láti sọ ọ́. Iṣan tó ń ta láìjẹ́ pé orí ló rán an ni. Ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ máa na ẹsẹ̀ náà fún un jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́ kí oríkèé má gan. Bó bá ṣàdédé pọ̀ sí i, ẹ wá egbò tàbí àrùn ìtọ̀, òun ló máa ń bí i. Bí ojúgun kan bá wú tó gbóná ju èkejì lọ, ilé ìwòsàn kíá, kẹ́ ẹ má sì ra á. Oògùn rẹ̀, kó máa lò ó.

Ó yẹ kí ẹnì kan sọ òtítọ́ fún ọmọ náà. Kì í ṣe ìyá rẹ̀.


Ìyá_Ìbejì_Lọ́kọ́jà
10:31 alẹ́

Ẹ fún mi ní nọ́ńbà nínú inbox. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ bóyá ó fẹ́.


ÌyáaTísà_Kábà
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:55 alẹ́

Ó fẹ́. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ lórí fídíò, pijin ni wọ́n ń sọ. Ó ní kí gbogbo wa jáde. A jáde. A gbọ́ ẹkún, lẹ́yìn náà a gbọ́ ẹ̀rín, lẹ́yìn náà kò sí ohùn kankan fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rù fẹ́ẹ̀ bà mí.


Ìyá_Ìbejì_Lọ́kọ́jà
9:20 alẹ́

Mo ń fi bí mo ṣe ń wọ ṣòkòtò hàn án ni, ó gba àkókò.

Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ náà kì í ṣe ìwòsàn. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí dókítà ò ti wo òun lójú. Ohun tó ń pa á ni pé gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé etí rẹ̀ náà ti kú. Mo ní kí n sọ èyí fún yín, ó gbà. Ìyókù, tiwa ni.

Ó ní kẹ́ ẹ bi òun nípa iṣẹ́ ìránṣọ.


ÌyáaTísà_Kábà
9:34 alẹ́

Kò sẹ́ni tó bi í rí. Ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tẹ́lẹ̀, ìdajì rẹ̀ ló ń bá ìyá rẹ̀ ṣe oko. Ọ̀gá rẹ̀ ò tíì wá kí i láti ìgbà náà, mo lọ bá a, ó ní ojú ló ń ti òun, pé kí ni òun máa sọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ máṣíìnì.


Gbẹ́nàgbẹ́nà_Mọ̀pà
9:50 alẹ́

Máṣíìnì ọlọ́wọ́ ńkọ́? Èyí tí ìyá wa ní, ọwọ́ ọ̀tún ń yí i, òsì ń darí aṣọ. Àlòkù rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Màá kan tábìlì tí orúnkún rẹ̀ máa wọ abẹ́ rẹ̀, bí kẹ̀kẹ́ bá ti dé kí n wọ̀n ọ́n. Mo rí Àbúrò lónìí nígbà tí mo lọ wọn ẹnu ọ̀nà. Ó ní kọ́nà tí mo fẹ́ ṣe kò dáa, pé omi òjò á dúró síbẹ̀. Òótọ́ ló sọ.


Ìyá_Ìbejì_Lọ́kọ́jà
10:02 alẹ́

Kẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀, mo ní àlòkù kan tó lágbára. Èyí tó máa ń ká bí ìwé tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn, ilẹ̀ pupa wa yìí á jẹ ẹ́ tán kí ọdún tó yí po. Lọ́jọ́ iwájú, ẹ lè kọ̀wé sí Beautiful Gate ní Jos, ibi tí Ayuba Gufwan dá sílẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ní àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ lọ́mọdé. Wọ́n ń rọ kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta tí wọ́n ń fọwọ́ wà. Ó dáa lójú títì. Ìjókòó irú rẹ̀ máa ń le, kò gbọdọ̀ jókòó sí i láìsí fóòmù tó nípọn, àti lẹ́yìn tí egbò bá jinná.


ÌyáaTísà_Kábà
Ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn náà, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Egbò ti dí. Ẹnu ọ̀nà ti parí, omi ò dúró síbẹ̀. UNHCR ti mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ wọn, a ṣì ń retí èsì. Àwọn obìnrin mẹ́jọ ti di márùn-ún, ó sú àwọn kan, mi ò bá wọn wí. Ọmọ ọdún méjìlá yẹn ń sùn lóru báyìí. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí Àbúrò ń kọjú sógiri.

Máṣíìnì dé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọ̀gá rẹ̀ ló gbé e wá fúnra rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn jókòó tì í ó ń wọ okùn sábẹ́rẹ́ fún un.

Lánàá ó rán èpo ìrọ̀rí kan fún mi. Ojú rírán rẹ̀ wọ́ lápá kan, mo sì sọ fún un. Ó ní òun rí i. Mo ní èló ni, ó ní ₦1,000. Mo ní fún ìrọ̀rí tó wọ́? Ó ní aṣọ ni tèmi, ọwọ́ ni tòun. A ná an títí, a parí ẹ̀ sí ₦700.


Gbẹ́nàgbẹ́nà_Mọ̀pà
4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ bá mi bi í bóyá ó lè rán èpo tìmùtìmù àga mẹ́rin fún mi. Mi ò ní ná an.


ÌyáaTísà_Kábà
4:52 ìrọ̀lẹ́

Ó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́. Ó tún ní ti àga, ₦1,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.